Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Rẹ̀? Àlàyé Lórí Àpamọ́ Iṣẹ́ Ọnà Orí Kọ̀ǹpútà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ṣí ojú òpó kan tó ń jẹ́ Digital Benin sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ohun ọnà Ìbíní tó lé ní 5,000 ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó láàfin Ọba ní 1897. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé 131 ní orílẹ̀-èdè 20 ló kó àkọsílẹ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀ kí ó tó ṣeé ṣe. Ohun méjì ni àwọn èèyàn máa ń ṣì gbọ́ nípa irú iṣẹ́ báyìí. Àwọn kan á ní wọ́n ti dá àwọn ère padà nìyẹn. Rárá o. Fọ́tò ló dé, ère ṣì wà níbi tó wà. Ìdápadà ní àdéhùn tirẹ̀ láàrin ìjọba sí ìjọba, irú èyí tí Jámánì àti Nàìjíríà fọwọ́ sí nínú ọdún 2022 yẹn kan náà.

Èkejì ló gba àlàyé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí nǹkan bá ti lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti bọ́ lọ́wọ́ iná, ikán àti olè. Bí yunifásítì tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá kéde pé àwọn ti gbé àpamọ́ àwọn sórí kọ̀ǹpútà, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kì í fi bẹ́ẹ̀ lè dá ṣe.

Kí là ń pè ní àpamọ́ orí kọ̀ǹpútà?

Àpamọ́ ni ibi tí a kó nǹkan sí pẹ̀lú ìpinnu pé ẹni tí a kò tíì bí yóò rí i lò. Tó bá jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà, fáìlì la kó síbẹ̀, oríṣi méjì ni fáìlì náà sì jẹ́. Àwọn kan jẹ́ ẹ̀dà ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn: ère tí a yà ní fọ́tò, rárà inú kásẹ́ẹ̀tì tí a gbà sínú kọ̀ǹpútà, fíìmù àtijọ́ tí ẹ̀rọ yà ní àwòrán kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù kò ní ara mìíràn, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀: fídíò tí wọ́n fi fóònù ká, géèmù, orin tí wọ́n hun lórí láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ pé ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, a lè tún un yà, bí ojúlówó bá ṣì wà. Bí ti èkejì bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ohun tí ẹ ń rí lójú fóònù yín kì í ṣe àpamọ́, ìpàtẹ ni. Fọ́tò ère kan tí kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 50 yà, tí wọ́n fi pamọ́ ní TIFF (oríṣi fáìlì àwòrán kan) bít 16 láìfún un pọ̀, yóò tó mẹ́gábáìtì 300. Èyí tó ń jáde lójú òpó lè má tó mẹ́gábáìtì kan. Tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá sọ ńlá nù tó wá ku kékeré, kò sí ohun tó lè dá kékeré padà sí ńlá. Ní ti ohùn, wákàtí kan tí a gbà ní 96 kHz àti bít 24, ọ̀nà méjì, jẹ́ nǹkan bí gìgábáìtì 2. Fíìmù ló ń jẹ àyè jù. Fíìmù oníṣẹ́jú 90 ní àwòrán 129,600. Tí wọ́n bá yà á ní 2K (nǹkan bí kókó 2,000 ní ìbú àwòrán), àwòrán kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 13. Fíìmù kan ṣoṣo ti gba ohun tó ju tẹ́ràbáìtì kan àtààbọ̀ (gìgábáìtì 1,500) lọ nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, a ó lò ó níwájú.

Àkọsílẹ̀ tún wà, tí kò gbọdọ̀ yà kúrò lára fáìlì: ta ló ṣe iṣẹ́ náà, níbo, nígbà wo, ọwọ́ ta ló ti gbà kọjá, orúkọ wo ni àwọn tó ni ín ń pè é, ta ló láṣẹ láti lò ó. Fáìlì tó ń jẹ́ IMG_0457 tí kò ní àkọsílẹ̀ kankan, ẹrù lásán ni. Ó wù mí pé Digital Benin fi ojú tó yẹ wo èyí: abala kan wà níbẹ̀ fún orúkọ àwọn ohun náà ní èdè Ẹdó, òmíràn sì wà fún ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ìwé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yúróòpù nìkan kò lè sọ ìyẹn.

Báwo ni ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń sọnù?

Níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì) sí òmíràn ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù. Ní 2019, MySpace, ojú òpó tí àwọn olórin ti ń gbé orin wọn sí, jẹ́wọ́ pé irú ìkẹ́rù bẹ́ẹ̀ ti pa orin, fọ́tò àti fídíò tí àwọn èèyàn gbé síbẹ̀ kó tó di 2016. Wọ́n fojú bù ú sí orin mílíọ̀nù 50, ti olórin mílíọ̀nù 14. Èyí tí wọ́n rí gbà padà jẹ́ nǹkan bí 490,000, nítorí pé àwùjọ olùwádìí kan ti ṣe ẹ̀dà díẹ̀ fún ìwádìí tiwọn, tí ẹ̀dà náà sì dé ọ̀dọ̀ Internet Archive, àjọ tó ń pa ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ kíyè sí i: nínú ilé MySpace kọ́ ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló yọ.

Nígbà mìíràn, fáìlì wà digbí, ohun tó ń ṣí i ló kú. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń fi sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Flash ṣe àwòrán tó ń rìn, géèmù àti ojú òpó tó ń fèsì. Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2021, Flash fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ṣí ohunkóhun. Kò sí iná tó jó, kò sí olè tó wọlé. Iṣẹ́ ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kàn dẹ́kun láti ṣí ni.

Ìkọlù ńkọ́? Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Rhysida wọ inú kọ̀ǹpútà British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n jí nǹkan bí gìgábáìtì 600, wọ́n ti ọ̀pọ̀ sáfà pa tàbí kí wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì béèrè owó. Ilé-ìkàwé náà kò san kọ́bọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni kátálọ́ọ̀gù tó padà, kò sì padà tán. Nínú ìjábọ̀ tí ilé-ìkàwé fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, ohun tó yẹ ká gbọ́ dáadáa wà níbẹ̀: ẹ̀dà àwọn àkójọ orí kọ̀ǹpútà wọn kò sọnù, ó wà láìséwu. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ tí wọn ó kó o sí kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀dà, tí kò níbi tó lè ṣí i sí, ó ṣì máa jókòó pẹ́.

Ikú tó kéré jù ló sì máa ń dunni jù. Orúkọ ojú òpó ní owó tí a ń san lọ́dọọdún. Òṣìṣẹ́ kan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ímeèlì rẹ̀ ni ìkìlọ̀ ń lọ sí, ó fẹ̀yìn tì, ìkìlọ̀ ń wọlé síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kà á. Ọjọ́ pé, ojú òpó lọ, ẹlòmíràn rà á, ó di ti tẹ́tẹ́.

Kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ kan kì í lè dá a ṣe?

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn èèyàn á wá lọ́jọ́ kan, wọn á ṣiṣẹ́, wọn á jẹun, wọn á lọ. Ní ti àáró, bí a bá ro oko tìrẹ lónìí, tèmi ló kàn, kò sì sẹ́ni tó lè yọ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ro tirẹ̀ tán. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n fi ń gbé ohun ọnà sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀wẹ̀ ni: ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ó parí, àwọn tó wá ti lọ. Kí fáìlì wà lẹ́yìn ogún ọdún, àáró ló gbà.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí iṣẹ́ yìí nílò kì í sí lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ wo ti Jos. Ibẹ̀ ni àpamọ́ fíìmù, fídíò àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà wà, lábẹ́ àjọ tó ń rí sí fíìmù, Nigerian Film Corporation. Fíìmù àtijọ́ ń bàjẹ́ láti inú wá: bí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, ike tí wọ́n fi ṣe é á máa tú ásíìdì jáde, á máa rùn bí ọtí kíkan, á sún kì, á sì kákò títí kò fi ní lè wọ ẹ̀rọ mọ́. Ásíìdì tó tú jáde yẹn ló tún ń mú kí ìbàjẹ́ yára sí i. Ní 2016, wọ́n rí Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu darí ní 1976, nínú àpamọ́ náà lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti sọnù. Jos ní fíìmù náà àti àwọn tó gbọ́ Haúsá. Arsenal, ilé-iṣẹ́ kan ní Berlin tó ń fi fíìmù hàn tó sì ń tọ́jú wọn, ní ìrírí àti ọ̀nà sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yunifásítì Jos àti Yunifásítì Goethe ti Frankfurt da iṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú títọ́jú fíìmù. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju fíìmù kan lọ, torí ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò á kàn máa gba eruku.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ohun àkọ́kọ́ ni àmì ìdánimọ̀ fáìlì. Kọ̀ǹpútà á ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì fi ìṣirò yọ ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà kan jáde. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní SHA-256 máa ń yọ 64. Bí ẹ bá yí kókó kékeré kan padà nínú fáìlì tó tó tẹ́ràbáìtì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo 64 náà ló máa yí padà. Nítorí náà, ọjọ́ tí fáìlì wọlé ni wọ́n ti ń kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n á tún ìṣirò náà ṣe. Bó bá bára mu, ohunkóhun kò tíì fọwọ́ kan fáìlì náà. Bí kò bá bára mu, ó ti bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ti yí i, kí wọ́n lọ mú ẹ̀dà tó wà níbòmíràn wá. Láìsí àmì yìí, díìsìkì lè máa jẹ fáìlì díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà ohun tó ti bàjẹ́ kiri.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdìpọ̀. Ìlànà tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́ BagIt, láti ọ̀dọ̀ Library of Congress ní Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Fódà kan ni. Nínú rẹ̀, fódà mìíràn wà tó ń jẹ́ data, ibẹ̀ ni gbogbo fáìlì iṣẹ́ ọnà ń gbé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni fáìlì bagit.txt tó ń sọ ẹ̀yà ìlànà, bag-info.txt tó ń sọ ẹni tó dì í àti ọjọ́ tó dì í, àti manifest-sha256.txt tó to orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ẹni tó gbà á á tún gbogbo ìṣirò ṣe níbi tirẹ̀. Ó dìgbà tó bá bára mu kí ó tó kọ ìwé pé òun ti gbà á, ó sì dìgbà tí ìwé yẹn bá dé kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tó pa ẹ̀dà ìgbà díẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò le rárá. Ẹnì kan á dì í tán, á tún ṣí fódà náà kó fi wo fọ́tò. Kọ̀ǹpútà Mac á fi fáìlì pamọ́pamọ́ kan tó ń jẹ́ .DS_Store síbẹ̀, Windows lè fi Thumbs.db sí i. Fáìlì tí kò sí nínú ìwé ti wọlé, ìdìpọ̀ kò pé mọ́. Èkejì kan àwa Yorùbá gan-an. Lẹ́tà bí ọ́ àti ẹ̀, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: ó lè mú ọ àti àmì ohùn, ó sì lè mú o, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Ẹ dì í lórí Mac, wọ́n ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn, wọ́n ní fáìlì "ọ̀ṣun" kò sí nígbà tó wà níwájú wọn. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí orúkọ fáìlì jẹ́ lẹ́tà lásán àti nọ́ńbà, bíi osg_1987_003.tif, kí ẹ wá kọ orúkọ tòótọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ni, àmọ́ inú àkọsílẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wá nǹkan, wọn kì í wá a nínú orúkọ fáìlì.

Báwo ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì? Ẹ rántí fíìmù oníṣẹ́jú 90 yẹn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 20 (ìyẹn mẹ́gábáìtì méjì àtààbọ̀) lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsinmi, láìsí pé iná lọ, fíìmù kan ṣoṣo á gba ọjọ́ méje àtààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá fi ń fi díìsìkì ránṣẹ́ lọ́wọ́: méjì, kí wọ́n má sì wà nínú àpò kan náà tàbí bọ́ọ̀sì kan náà.

Tó bá dé, ibo ló ń gbé? Ìlànà tó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan wà níbi tó jìnnà. Jíjìnnà nìkan kò sì tó. Bí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà kan, ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà náà ti jí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀gá yín kò lè pàṣẹ fún, ibẹ̀ ni fífọwọ́sowọ́pọ̀ ti ju níní owó lọ.

Yunifásítì Stanford ti ṣe ètò kan fún irú èyí láti 1999, LOCKSS lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé kọ̀ǹpútà kan kalẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á tọ́jú ẹ̀dà ohun kan náà. Látìgbàdégbà wọ́n á bi ara wọn léèrè pé kí ni àmì ìdánimọ̀ ohun báyìí lọ́dọ̀ rẹ? Bí ti ẹnì kan bá yàtọ̀ sí ti àwọn tó pọ̀ jù, á gba ẹ̀dà tó dára lọ́dọ̀ wọn, á fi tún tirẹ̀ ṣe. Ẹ̀dà méjì kò lè ṣe èyí, torí bí wọ́n bá yàtọ̀, ta ni ká gbà gbọ́? Mẹ́ta ń gbìyànjú. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń lo ètò náà máa ń fẹ́ mẹ́fà tàbí méje.

Kásẹ́ẹ̀tì ìpamọ́ fáìlì tí wọ́n ń pè ní LTO náà wà, òun ló dín owó kù jù fún ohun púpọ̀. Ẹyọ LTO-9 kan gba tẹ́ràbáìtì 18. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ LTO-9 ń ka LTO-8 àti ti ara rẹ̀ nìkan, kò lè ka LTO-7. Kásẹ́ẹ̀tì lè lo ọgbọ̀n ọdún láìbàjẹ́, kí ẹ̀rọ tó ń kà á ti tán lọ́jà tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tó bá pa owó pọ̀ ra ẹ̀rọ kan lè máa pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú kọ̀ǹpútà látilẹ̀ ńkọ́?

Níbí, títọ́jú fáìlì kò tó, a gbọ́dọ̀ tọ́jú bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Rhizome, àjọ ọnà kan ní New York, ti ń kó iṣẹ́ ọnà orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ láti 1999. Láti lè ṣí èyí tó ti darúgbó, wọ́n bá Yunifásítì Freiburg ní Jámánì ṣiṣẹ́. Freiburg ló mọ bí a ṣe ń fi sọ́fítíwíà ṣe kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, kí iṣẹ́ ọdún 1995 rò pé ọdún 1995 ló ṣì wà. Internet Archive ṣe irú èyí fún Flash ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ku díẹ̀ kí Adobe tì í pa.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Andy Warhol, ayàwòrán olókìkí ará Amẹ́ríkà. Ní 1985, ó ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà Amiga. Díìsìkì rẹ̀ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ ní Pittsburgh, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Ní 2014 ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ní Carnegie Mellon tó yọ àwọn àwòrán náà jáde, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ọnà Cory Arcangel ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wọn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mọ Warhol, kò mọ Amiga. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ Amiga.

Tí oníṣẹ́ ọnà bá ṣì wà láàyè, ẹ bi í kó tó pẹ́: kí ni kò gbọdọ̀ yí padà? Àwọ̀ ni, ohùn ni, àbí bó ṣe ń yára tó? Kọ̀ǹpútà tuntun lè sáré kọjá bó ṣe yẹ, kí àwòrán tó yẹ kó máa rìn pẹ̀lẹ́ wá máa fò. Tate ní Lọ́ńdọ̀nù, MoMA ní New York, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọnà òde òní ti San Francisco àti New Art Trust ti jùmọ̀ kọ ìlànà fún irú ìbéèrè yìí, Matters in Media Art lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnikẹ́ni.

Ta ló ni ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ìbẹ̀rù tó ń dá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa dúró nìyí, kò sì ṣe aláìnídìí, pẹ̀lú ohun tí ojú ti rí láti 1897. Ẹni tó ń pa ẹ̀dà mọ́ kò di olówó ohun náà. Àdéhùn lè sọ pé kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, pé ìgbà tí tilé bá bàjẹ́ nìkan ló lè ṣí i. Endangered Archives Programme tí British Library dá sílẹ̀ ní 2004 ní òfin méjì tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn mọ̀: ojúlówó kò gbọdọ̀ jáde kúrò lórílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹ̀dà kan sì gbọ́dọ̀ wà ní ilé-iṣẹ́ kan lórílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ìkọlù 2023 dé, òfin kejì yẹn ni ààbò fún iṣẹ́ náà.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ní abala fún ilé-ìkàwé, àpamọ́ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀dà fún ìtọ́jú. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n lè gbé gbogbo rẹ̀ sójú òpó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun kan wà tí òfin ìjọba kò dá sí, tí àṣà dá sí: ohùn orò, ohun inú igbó ìmùlẹ̀, oríkì ìdílé tí kì í ṣe ti ìta. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ fáìlì náà gan-an, torí òṣìṣẹ́ tó máa wà ní Berlin tàbí Boston lọ́dún 2045 kò ní mọ̀ ọ́n.

Owó dà?

Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2012, Digital Preservation Network, láti jọ máa tọ́jú ẹ̀dà fún ara wọn. Owó ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 20,000 dọ́là lọ́dún. Ní òpin 2018, ó kéde pé òun ń kógbá sílé. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ wọn kò dára. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ń sanwó láìkó ohun púpọ̀ wá, torí ṣíṣà, títò àti kíkọ àkọsílẹ̀ ló ń gba èèyàn, owó ọmọ ẹgbẹ́ kò sì san owó èèyàn. Nígbà tó yá, olùṣírò owó béèrè pé kí là ń sanwó fún? Ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹrù tó kù wá wúwo fún àwọn tó dúró.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé owó ibi ìpamọ́ ló kéré jù. Owó èèyàn ló pọ̀, òun náà ni kì í sí nínú owó ìrànwọ́. Digital Benin gba nǹkan bí mílíọ̀nù 1.2 yúrò lọ́wọ́ Ernst von Siemens Kunststiftung láti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MARKK ní Hamburg ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Bíbẹ̀rẹ̀ ni owó bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Nítorí náà, àdéhùn tó bá dára á sọ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò àmì ìdánimọ̀ àti iye ìgbà lọ́dún, iye ọjọ́ tí ẹ̀dà gbọ́dọ̀ fi dé tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹni tó ń san owó orúkọ ojú òpó, iye tí kálukú ń dá gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ohun tó kó wá, àti ìgbà tí wọ́n ó dán an wò láti kó gbogbo rẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ òfìfo. Abala tí gbogbo èèyàn máa ń fò ni ti ìjáde: bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò, oṣù mélòó ló gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀, ta ló máa gba ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀, lórí owó ta? Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín.

Tí ẹgbẹ́ yín bá kéré ńkọ́?

Ẹgbẹ́ eré, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé onílù tó ní kásẹ́ẹ̀tì ogún ọdún, gbogbo wọn lè ṣe é láìní sáfà. Ẹ ra hard disk méjì, kí ó má jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, torí èyí tó bá jáde pọ̀ lè kú pọ̀. Ẹ kó ohun kan náà sórí méjèèjì, ẹ yọ wọ́n kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ti ṣe tán. Ọ̀kan ń gbé lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan ń gbé lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú mìíràn, ẹ̀yin náà sì ń gba tiwọn pa mọ́.

Fún àmì ìdánimọ̀, ẹ kò nílò láti ra nǹkan kan. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà SHA256. Lórí Mac, shasum -a 256 àti orúkọ fáìlì ni; lórí Linux, sha256sum. Ẹ kó èsì rẹ̀ sínú fáìlì kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà kí ẹgbẹ́ kejì ní ẹ̀dà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ so díìsìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tún ìṣirò ṣe, ẹ fi wé ti bébà. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Lọ́dún karùn-ún, kódà bí díìsìkì náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ra tuntun, ẹ kó o lọ síbẹ̀, ẹ yẹ gbogbo àmì wò lórí tuntun náà kí ẹ tó ju ti àtijọ́ nù.